Gbèsè báńkì lẹ́yìn yunifásítì

Ọmọ Kétu: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Abomey-Calavi, ní Benin níbí, àmọ́ mo ṣì jẹ báńkì ní 60 000 fráǹkì. Wọ́n jẹ́ kí n gbà ju ohun tó wà nínú àkáǹtì mi lọ. Gààrí ni mo ń bá ìyá mi tà báyìí. Kékeré tó bá wọlé, èlé ti gbé e mì.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, má sá fún wọn. Kọ lẹ́tà, kí wọ́n jẹ́ kí o máa san án lóṣooṣù. Èlé báńkì kò gbọdọ̀ ju 15% lọ lọ́dún ní UEMOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jọ ń ná fráǹkì CFA.

Ìyá Oníṣu: Má yá ti àwọn ilé-iṣẹ́ ayánilówó kéékèèké (microfinance) san án o! Èlé tiwọn lè tó 24% lọ́dún. Èmi, nígbà tí èsúsú kàn mí, báńkì ni mo gbé e lọ tààrà láti fi san gbèsè, kí ọkọ mi tó gbọ́.

Ọmọ Kétu: Ẹ ṣeun, mà. Ṣé Faransé ni kí n fi kọ lẹ́tà náà?

Bàbá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ.