"Oyún ò dúró" kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó túmọ̀ ìròyìn ìwádìí ilẹ̀ Ṣáínà nípa prednisone, oògùn tó ń dẹ àjẹsára ara lọ́wọ́, ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ara mi ò gba "àìdúró oyún léraléra" tí wọ́n lò fún "recurrent implantation failure".

Inú abọ́ ní yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti pa ẹyin àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe ìwádìí náà fún pọ̀ mọ́ àtọ̀. Wọ́n gbé ohun tó jáde níbẹ̀ sínú ilé-ọmọ, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Oyún wo ló wá wà níbẹ̀ tí ò dúró? Mo bi àǹtí mi, agbẹ̀bí ni wọ́n, pé bí wọ́n bá gbọ́ pé oyún lágbájá ò dúró, kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Kíá ni wọ́n dáhùn: "Oṣù mélòó ló wà kó tó wálẹ̀?" Ẹ ò rí i?

"Àìlẹ̀mọ́ ọlẹ̀" ni tèmi. Ọlẹ̀ kì í ṣe àjèjì, òun ló sọ nínú Èlísábẹ́ẹ̀tì nínú ìwé Lúùkù. Lóòótọ́, ọlẹ̀ tó ti ń sọ dàgbà ju èyí lọ, ṣùgbọ́n "ọmọ inú" tí ẹnìkan dábàá tún dàgbà jù bẹ́ẹ̀. (Ẹ má gbàgbé àmì ohùn o, kí a má lọ máa pè é ní ọ̀lẹ.)

"Àìta gbòǹgbò" tí ẹlòmíràn dábàá dùn létí, àmọ́ bí irúgbìn ò bá ta gbòǹgbò, ilẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ wò. Ìyá ọkọ ti wo ilẹ̀ náà tó.

Èyí tó kù ni "ìtọ́jú tuntun" tí ìtumọ̀ náà pe prednisone. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Oògùn àtijọ́ ni prednisone; wọ́n kàn ń wò ó bóyá ó lè ṣe èyí ni. Wọ́n pín obìnrin 715 sọ́nà méjì: àwọn kan ń lo mílígíráàmù 10 lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo hóró òfìfo ("placebo", èyí tí kò ní oògùn kankan nínú). Nígbà tí èsì jáde ní 2023, ìdá 37.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn ló bí ọmọ láàyè. Ti àwọn tó lo òfìfo jẹ́ 38.8. Ìbímọ láìpé oṣù tún wá pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn. Ẹni tó bá gbọ́ "tuntun", owó ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá. "Ìtọ́jú tí wọ́n ń dán wò" ni kí a kọ, bó tilẹ̀ gùn.

"Hóró òfìfo" yẹn, orí ìdúró ni mo ti ṣe é. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.