Ẹ gbà mí o, wọ́n dá pùláànù pínpín ilẹ̀ wa padà!

Ìyá Ìbejì, Alberta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete. Ẹ má bínú pé mo ń da yín láàmú lọ́jọ́ ìsinmi, ara mi ń gbọ̀n ni. Ẹ rántí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tí èmi àti bàbá wọn rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tó ní ààyè gbalasa lẹ́yìn? A fẹ́ gé ẹ̀yìn yẹn tà fún arákùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìjẹun síbẹ̀. Awọnlẹ̀ ya pùláànù, a kó o lọ fún ìjọba ìlú. Àná ni ìwé dé. Ojú ewé 3! Wọ́n fi gègé pupa yí pùláànù wa ká bí ìwé ọmọ tó gba òdo. Wọ́n ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó máa kù fún ṣọ́ọ̀bù iwájú kò tó. Wọ́n ní pulọ́ọ̀tì ẹ̀yìn kò kan títì níbì kankan. Wọ́n ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà nínú ètò ìlú tó máa gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wa kọjá, ká yọ mítà 3 sílẹ̀ fún un. Kẹ̀kẹ́ o! Níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún! Arákùnrin yẹn sì ti san àsansílẹ̀, a ti fi owó ọ̀hún san gbèsè. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìdó, Edmonton
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mí kanlẹ̀ ná. Edmonton ti fagi lé òfin pé ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní iye ibi ìgbọ́kọ̀sí báyìí báyìí láti 2020. Ẹ kọ̀wé sí wọn padà, ẹ ní kí wọ́n lọ ka òfin wọn.

Ìyá Ìbejì, Alberta
Edmonton kọ́ ni mò ń gbé, àbúrò mi. Ìlú kékeré ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni.

Ọmọ Ìdó, Edmonton
Háà. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Edmonton níbí gan-an, wọn ò fọwọ́ kan ti àwọn aláàbọ̀ ara, wọn ò sì fọwọ́ kan ibi tí a ń so kẹ̀kẹ́ mọ́. Méjèèjì ṣì di dandan.

Bàbá Houston
Ìyá Ìbejì, jókòó, mu omi tútù. Gègé pupa yẹn, oore ni wọ́n ṣe ọ́. Èmi ò rí ẹni kọ pupa sí tèmi, ojú mi sì rí màbo.

Ilé méjì ló wà lórí ilẹ̀ mi: ilé ìfọṣọ tèmi lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù onírun níwájú. Owó wá wọ́n mi, mo ní kí n ta iwájú. Nínú ìwé àtijọ́, pulọ́ọ̀tì méjì ni ilẹ̀ náà ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà n kò ní ohun tí mo fẹ́ lọ tọrọ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Ẹni tó rà á, ará ilé ni, ó jẹ iyán ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Awọnlẹ̀ wá, ó tọ́ka ààlà, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó wolẹ̀ wò pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí mọ́tò ń gbà wọ inú ọgbà, apá iwájú ló bọ́ sí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí aláàbọ̀ ara, iwájú náà. Mo ní, "A ó jọ máa lò ó." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn náà ń gba ọ̀rọ̀ ni?" Ó parí síbẹ̀.

Ọdún méjì, kò sí wàhálà. Ló bá ta tirẹ̀ fún ẹlòmíì, ó kó lọ sí Atlanta. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé ibẹ̀ ní aago méje, mo bá òpó irin méjì, ṣéènì aláwọ̀ ìyeyè láàárín wọn, àgádágodo tó tó ìkúùkù mi lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi gbé mọ́tò sétí títì, wọ́n ń na apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí síra wọn lórí ṣéènì. Ìyá àgbà kan fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ṣéènì náà wálẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó sinmi, ó tún gbé ìkejì. Mo dúró, mò ń wò ó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Kí n tó ra ẹ̀tọ́ láti kọjá lọ́wọ́ onílẹ̀ tuntun, pẹ̀lú owó lọ́yà, dọ́là 14,000 ti fò lọ.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Dublin
Ìkà èèyàn! Kì í ṣe onílẹ̀ tuntun ni mò ń bú o. Ará ilé tó jẹ iyán yín ni. Ṣé kò lè sọ fún ẹni tó tà á fún ni?

Dókítà Ìjerò, London
Ẹ fi ìkà sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni. Ta ni kò kọ̀wé? Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í bá ilẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ti yí ọwọ́ padà, àdéhùn ẹnu ti kú, ẹ sin ín. Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Dublin
Ó dáa. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ta nǹkan fún yín, ẹ máa ní kó bu ọwọ́ lùwé kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ gba ojúde rẹ̀ kọjá? Ṣé Èkìtì la ti wá àbí ibòmíràn?

Dókítà Ìjerò, London
Èkìtì náà ni. Ṣé Èkìtì ò kàwé ni?

Àbíkẹ́ Awọnlẹ̀, Calgary
Ẹ má wo ojú àwọn méjèèjì nìkan. Lọ́yà tó ṣe títà yẹn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè pé ibo ni ilẹ̀ ẹ̀yìn ń gbà jáde.

Bàbá Houston
Ó béèrè.

Àbíkẹ́ Awọnlẹ̀, Calgary
Ẹn-ẹn? Kí lẹ wí?

Bàbá Houston
Ó ní òun á gba 600 dọ́là láti kọ ìwé ọ̀nà náà, òun á sì fi sínú ìwé ilẹ̀ méjèèjì. Mo ní kó gbàgbé ẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá.

Ọmọ Ìdó, Edmonton
600! 😂😂 Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín ka ibí yìí.

Bàbá Houston
Òun ló kọ́kọ́ rán mi létí lọ́jọ́ tí mo rí ṣéènì. Ó ń rán mi létí títí dòní.

Àbíkẹ́ Awọnlẹ̀, Calgary
Ẹ jẹ́ ká dá obìnrin yìí lóhùn o. Ìyá Ìbejì, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé ìpinnu ni ìwé yẹn, àbí àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ tún ṣe kí wọ́n tó pinnu? Ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Bó bá jẹ́ ìpinnu, ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbí ní Alberta. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbà fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n la nǹkan sílẹ̀ kẹ́ ẹ ṣe, ọdún kan lẹ ní láti ṣe é tán, kẹ́ ẹ sì gbé pùláànù wá fún òǹtẹ̀. Bó bá jẹ́ àtúnṣe lásán, awọnlẹ̀ yín ló níṣẹ́, kì í ṣe lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ mítà 3: ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹ máa fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ pátápátá ni, àbí ẹ̀tọ́ láti kọjá nìkan ni wọ́n fẹ́. Èyí kejì, ilẹ̀ yín ni síbẹ̀. Ẹ sì wo bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Òfin gbà kí ìjọba ìlú mú tó ìdá 10 nínú 100 ilẹ̀ fún pápá ìṣeré àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pín in, ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ kò bá ju 0.8 hẹ́kítà lọ, ìyẹn kò kàn yín. Kẹ́ ẹ má baà san gbèsè tẹ́ ẹ ò jẹ.

Ti títì: ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè tún ilà fà kí pulọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ní ọrùn gígùn bí ti akèrègbè tó máa dé títì. Àbí kẹ́ ẹ kọ ìwé tí àwọn lọ́yà ń pè ní easement, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, kí wọ́n fi sórí ìwé ilẹ̀ méjèèjì. Báńkì tó yá yín lówó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ẹ má sì gba kọ́bọ̀ mọ́ lọ́wọ́ arákùnrin yẹn.

Bàbá Tọ́lá, Winnipeg
Ẹ fi yìnyín kún un. Èmi kun ilà ìgbọ́kọ̀sí 24 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó pé géérégé bí wọ́n ṣe ní kó rí. Dé Oṣù Kejìlá, ẹni tó ń kó yìnyín fún mi wa gbogbo rẹ̀ jọ sí igun kan. Ojú ìgbọ́kọ̀sí márùn-ún wọlẹ̀ lábẹ́ òkè yẹn, kò yọ́ títí ó fi di Oṣù Kẹrin. Ayálégbé mi yọ owó rẹ̀, ó ní 19 lòun rí. Ẹ ya ibi tí ẹ máa kó yìnyín sí sínú pùláànù, kí ó má jẹ́ lórí ojú ìgbọ́kọ̀sí, kí ó má sì jẹ́ lórí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà.

Ìyá Ìbejì, Alberta
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí ló ń dùn mí jù o. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òtútù?

Sístà Netherlands
Ìyá Ìbejì, nítorí mítà 3 lẹ ṣe ń sunkún? Lọ́dọ̀ wa níbí, kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ. Abẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Utrecht nìkan, kẹ̀kẹ́ 12,500 ló gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo so tèmi mọ́ irin ẹ̀bá àtẹ̀gùn kan, mo wọ ọjà. Nígbà tí mo jáde, ẹ̀wọ̀n tí mo fi so ó nìkan ló kù, wọ́n ti gé e. Mo ṣe bí olè ni, mo ra tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé síbi tí kò yẹ ló gbé e, mo sì lè lọ gbà á. Mo wá di ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ méjì.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ri irin ìsokẹ̀kẹ́, ẹ ri èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹnu ọ̀nà, kó súnmọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Eléyìí tí wọ́n ń ki táyà bọ̀ yẹn máa ń ká táyà ni.

Ọmọ Òkèṣà, Adó
Ẹ̀yin ará òkè òkun! Wọ́n fún yín ní ìwé ojú ewé 3, ẹ ń ké. Níbí, ọ̀dà pupa lára ògiri ni ìwé. O jí láàárọ̀, o rí X lára ilé rẹ. Ó tán. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá la mítà 3 lẹ́bàá Ọjà Ọba láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, tòmátì ti wà lórí ẹ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọlọ́kadà ti gbà á.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Dublin
Adó náà nìyẹn. Ní Ìkẹ́rẹ́, a ní òye, a máa ń fi àyè sílẹ̀.

Ọmọ Òkèṣà, Adó
Àyè wo? Òkè àpáta Olósùnta ló gba àyè lọ́wọ́ yín, kì í ṣe òye 😂

Dókítà Ìjerò, London
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi Houston sí i. Ìlú tí kò ní òfin zoning rárá, òfin tó ń sọ irú ilé tó lè wà níbi kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé epo, ilé àwọn ọlọ́rọ̀, gbogbo wọn lójú kan. Ibẹ̀ la ti ń gba ìmọ̀ràn ilẹ̀.

Bàbá Houston
Dókítà, a ò ní zoning, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wá gé ilẹ̀ sí méjì láìjẹ́ pé ìlú fọwọ́ sí pùláànù, kí o wò ó. Ibi ìgbọ́kọ̀sí náà ńkọ́? A ní i lófin. Ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná máa gbà, ẹsẹ̀ bàtà 20 ni, ẹ̀ka igi kan ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ní London yín, o san owó kí o tó wa mọ́tò wọ inú ìlú, o tún san owó kí o tó gbé e kalẹ̀. Àwa ń gbé mọ́tò kalẹ̀ bí ọba.

Dókítà Ìjerò, London
Lẹ́yìn ṣéènì?

Bàbá Tọ́lá, Winnipeg
Ẹ̀rín pa mí. Bàbá, ẹ má dá a lóhùn.

Bàbá Houston
Mo fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí wá rán mi létí bàbá mi. Raleigh dúdú, wọ́n fi rọ́bà táyà di iṣu mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Láti oko wá sí Ẹ̀fọ̀n, òkè ni gbogbo ọ̀nà. Wọn ò gùn ún rí bọ̀ wálé, títì ni wọ́n máa ń tì í. Èmi ń bá wọn tì í láti ẹ̀yìn, imú mi á kan iṣu. Títí dòní, bí mo bá bẹ́ iṣu, òórùn rọ́bà yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.

Sístà Netherlands
Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀ níbí. Ọdún mẹ́sàn-án, mi ò tíì ti kẹ̀kẹ́ gòkè rí. Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ sí Ìkògòsì, kí n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kí n yọ ọ́ kí n tún ki ín bọ tútù.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Dublin
Uyán ló ń ṣe èmi. Kì í ṣe ti inú páálí o. Eléyìí tí odó máa ń dún, tí aládùúgbò á mọ̀ pé ilé yìí ti fẹ́ jẹun.

Bàbá Tọ́lá, Winnipeg
Mo gún un nínú ilé àjùmọ̀gbé lọ́jọ́ kan. Ẹni ìsàlẹ̀ pe ọlọ́pàá.

Ọmọ Òkèṣà, Adó
Ẹ wálé kẹ́ ẹ wá jẹ ẹ́. A ò ní fi gègé pupa yí abọ́ yín ká.

Àbíkẹ́ Awọnlẹ̀, Calgary
Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ṣé ìpinnu ni àbí àtúnṣe? Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sórí ìwé yẹn? Ọjọ́ 14 ò pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Alberta
Àbúrò mi, mo ti wọ kíṣìnì, Dublin ti kó bá mi. Ìwé wà nínú mọ́tò bàbá wọn, wọ́n sì ti gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí iṣu tí kò dúdú nínú ní Alberta níbí?