Smarthub mẹ́fà, orúkọ kan ṣoṣo: báwo lẹ ṣe ń so WeDo 2.0 mọ́ Scratch nínú kíláàsì?

Olùkọ́ Pírámárì 5, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì ni mo bá wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó kàwé jáde nílé ẹ̀kọ́ wa, tó ń gbé ní Houston báyìí, fi páálí LEGO WeDo 2.0 mẹ́fà ránṣẹ́ sí wa, ohun èlò tí àwọn ọmọ fi ń to róbọ́ọ̀tì. Smarthub kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré tó ní bátìrì, tó ń fi Bluetooth bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ti to Milo, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n tò ó dáadáa, kódà ẹgbẹ́ kan ya àsíá Nàìjíríà sórí bébà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwọn lórí. Ibi tí a ti há ni ká so ó mọ́ Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń to búlọ́ọ̀kù àṣẹ pọ̀.

Laptop mẹ́fà la ní, tokunbọ̀ ni gbogbo wọn, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Mo ti fi Scratch sí wọn, àti Scratch Link, ètò kékeré tó ń so Scratch mọ́ Bluetooth. Mo tẹ àmì tó wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, mo mú WeDo 2.0. Méjì nínú wọn kàn ń wá, wọ́n ń wá ṣáá, wọn kò rí nǹkan kan. Mẹ́rin tó kù rí i, àmọ́ "LPF2 Smart Hub 2 I/O" ni gbogbo ohun tí wọ́n rí ń jẹ́. Orúkọ kan náà látòkè délẹ̀! Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á so tiwọn, wọ́n á tẹ àsíá aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú Scratch, ọkọ̀ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò gbéra. Ni ariwo bá sọ: "Àǹtí, wọ́n ti gba Milo wa!"

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n so ẹyọ kan péré mọ́ laptop tèmi, kí n máa fi hàn wọ́n níwájú bọ́ọ̀dù. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ìṣẹ́jú àáyá 1 padà sí 3, tó sì rí i pé ọkọ̀ rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò ní gbàgbé. Èyí tó jókòó tó ń wo olùkọ́, ìran ló wò. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà rí?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìbàdàn

Ẹ kú akitiyan, ma. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn méjì tí kò rí nǹkan kan. Scratch Link kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Windows 10 ẹ̀dà 1709 ló kéré jù tó ń fẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter, ẹ ó rí ẹ̀dà tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Bluetooth gbọ́dọ̀ jẹ́ 4.0 sókè, torí Smarthub kì í bá Bluetooth àtijọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo abẹ́ Bluetooth bóyá "Microsoft Bluetooth LE Enumerator" wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ra dongle Bluetooth kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó laptop.

Ẹ má sì lọ sínú Settings lọ so Smarthub bí ìgbà tí èèyàn ń so spíkà o. Inú Scratch ni wọ́n ti ń so ó. Bí ẹ bá ti so ó ní Settings, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó pé àmì Scratch Link wà ní igun ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.

Bí tablet Android bá wà nítòsí, ti ibẹ̀ kò nílò Scratch Link. Ẹ ṣáà tan Bluetooth àti Location, torí ọ̀pọ̀ Android kì í wá irú Bluetooth yìí bí Location bá wà ní pípa.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ti orúkọ yẹn ti fojú àwa náà rí màbo. Mo máa ń bá àwọn ọmọ ṣe kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀n. Orúkọ tí wọ́n bá jáde látilé iṣẹ́ nìyẹn, Smarthub kan kì í sì í gbà ju kọ̀ǹpútà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ Connect ló ni ín.

Inú app WeDo 2.0, bí ẹ bá ṣì rí i, ni ẹ ti lè yí orúkọ yẹn padà. Ẹ tan ẹyọ kan, ẹ so ó, ẹ fún un ní orúkọ, ẹ pa á, kí ẹ tó mú òmíràn. Kí orúkọ kúrú, ẹ má fi àmì ohùn sí i. Ẹ wá kọ orúkọ kan náà sí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara Smarthub.

Kó tó dìgbà náà, kí gbogbo rẹ̀ wà ní pípa. Ẹgbẹ́ kìíní tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, iná funfun á máa ṣẹ́jú. Wọ́n so ó, iná á di búlúù. Ìgbà yẹn ni kí ẹgbẹ́ kejì tó tan tiwọn. Bátìrì AA méjì inú rẹ̀ náà ńkọ́? Bí ó bá ti ń rẹ̀, ó lè so mọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, kó wá já gẹ́lẹ́ tí motor bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Olùkọ́ Pírámárì 5, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún yín. Windows 7 ló wà lórí ọ̀kan, tablet ọ̀gá àgbà wa la fi rọ́pò rẹ̀. Èkejì kò ní "LE Enumerator" yẹn, mo ra dongle sí i, ó sì rí Smarthub lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ ló fún wọn lórúkọ àdúgbò Abẹ́òkúta: Ake, Itoko, Kuto, Lafenwa, Sapon, Panseke. Ẹgbẹ́ kan ń so tirẹ̀, àwọn yòókù ń dúró, bí iná bá ti yí padà wọ́n á pariwo "Ó ti di búlúù!", ẹgbẹ́ tó kàn á tan tiwọn. Jẹnẹrétọ̀ la fi ṣe é, kò sí iná.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹgbẹ́ Itoko kò fọwọ́ kan ìṣẹ́jú àáyá, agbára motor ni wọ́n dín kù sí 20. Ọkọ̀ wọn rìn jẹ́jẹ́ lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n gbé e sórí ẹní, kò kúrò lójú kan. Ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀, ó ń wo táyà rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹní ló dì í mú." Wọ́n fi kún agbára díẹ̀díẹ̀ títí tó fi gbéra. N kò tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan nípa ìfarakínra (friction) o.

Sensor tó ń mọ ìgbà tí nǹkan bá dagun, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló kàn. Ṣé a lè fi í kún motor àti sensor tó ń wo iwájú?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìbàdàn

Rárá, ma. Ojú ihò méjì péré ló wà lára Smarthub. Bí motor bá gba ọ̀kan, sensor kan ṣoṣo ló lè gba èkejì. Ẹ yọ èyí tó ń wo iwájú, ẹ ki ti ìdagun bọ ibẹ̀, kí ẹ wá lo búlọ́ọ̀kù "when tilted".