Ẹgbẹ́ kan yọ láàárín líìgì, ẹ gbà mí o!

Ọmọ Àjàṣẹ́, Montréal: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹgbẹ́ 7 la fi bẹ̀rẹ̀ líìgì bọ́ọ̀lù wa níbí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 21. Ẹgbẹ́ Pọ́bẹ̀ ti gbá 4 nínú 6 tiwọn, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, iṣẹ́ ti kó wọn lọ Toronto. Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́ nínú áàpù tí a fi ń ṣètò líìgì ni? Ọjọ́ Àìkú la tún ń gbá!

Ìyá Ìbejì, Lyon: Má fọwọ́ kàn án! Akọ̀wé wa pa ẹgbẹ́ kan rẹ́ lọ́dún tó kọjá, gbogbo èsì wọn bá a lọ. Ẹgbẹ́ tó wà lókè já sí ipò kẹta. A ti fín orúkọ sára ife-ẹ̀yẹ kí àṣìṣe náà tó hàn, a sì ní láti ra òmíràn. Kọ́kọ́ kó gbogbo èsì sí Google Sheets.

Ẹ̀gbọ́n Kétu, Bruxelles: Àbúrò, wá ibi tí wọ́n ti ń fi hàn pé ẹgbẹ́ ti yọ. Orúkọ wọn á wà, èsì á wà. Wọ́n ti gbá ju ìdajì lọ, nítorí náà ohun tí wọ́n gbá ti dúró. Méjì tó kù, 3-0 fún alátakò.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Paris: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹni tí wọ́n nà ní ìgbà tí ara wọn ṣì le ti pàdánù pọ́ìntì, ẹni tí kò tíì pàdé wọn á wá gba 3 lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Kétu, Bruxelles: Ẹni tó nà wọ́n ní 6-0 ńkọ́? Ṣé òógùn tirẹ̀ ò já mọ́ nǹkan ni? Ní 2012, pọ́ìntì 89 ni Manchester City àti Manchester United ní. Ìyàtọ̀ góòlù, 64 sí 56, ló fún City ní ife.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Paris: Ẹ jẹ́ ká ṣe é bíi La Liga nígbà náà: tí pọ́ìntì bá dọ́gba, ẹni tó na ẹnì kejì ló wà lókè. Ẹ lè yí i nínú áàpù.

Ìyá Ìbejì, Lyon: Ẹ yẹ aago áàpù náà wò pẹ̀lú. Ìdíje tí a ṣètò sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin láti ibí, aago Faransé la fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, wákàtí kan la fi ṣáájú ilé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń dúró nínú oòrùn, rẹfirí ò tíì dé.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Montréal: Rẹfirí Àjàṣẹ́ kì í pẹ́. Ará Kétu nìyẹn á jẹ́!

Ẹ̀gbọ́n Kétu, Bruxelles: Kétu kẹ̀? Àwa tí a ní Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè ìlú wa? Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, ìta ló ń sùn!

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Paris: Ẹ máa bá a lọ. Orí òkè làwa ti kọ́ eré sísá.

Ìyá Ìbejì, Lyon: Ẹ má dárúkọ Ṣábẹ̀ẹ́ fún mi lálẹ́ yìí. Wàgásì (wàràkàṣì) díndín ẹ̀bá títì, pẹ̀lú ata tútù gígún! Ọjọ́ wo la máa délé?

Ọmọ Àjàṣẹ́, Montréal: Ẹ ṣé, mo ti kó èsì pamọ́. Ṣùgbọ́n Sakété ló yẹ kó pàdé Pọ́bẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Ìfàǹhìn ló sì yẹ kó sinmi. Ṣé kí n kúkú mú àwọn méjèèjì pàdé ni?

Ẹ̀gbọ́n Kétu, Bruxelles: Ìyá Ìbejì, ta ló ń ta wàgásì ní Lyon? Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.