Ìdáhùn: Ẹyin àdìrẹ ni o, kì í ṣe ẹyin kíkùn (ọ̀rọ̀ Ísítà ìlú Split)

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé,

Mo ti ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ àlàyé sábẹ́ àwọn fọ́tò Ísítà ìlú Split ní Kroatíà, tí wọ́n ní ká bá àwọn yẹ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fi túmọ̀ ti Kroatíà wò. Pisanica, ìyẹn ẹyin ọlọ́nà tí wọ́n ń ṣe fún ọdún náà, wọ́n pè é ní ẹyin kíkùn. Sirnica di búrẹ́dì oníwàràkàsì. Cvjetnica di Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀ Ọ̀pẹ, tí wọ́n bá sì ń gbé àgbélébùú káàkiri lálẹ́, ìyẹn di ìwọ́de. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé dikíṣọ́nnárì nìkan lẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ ò bá àwọn tó ń se oúnjẹ sọ̀rọ̀. Èmi ń gbé Split níbí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú rí, kí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ wá dá sí i.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti búrẹ́dì kúrò nílẹ̀, torí kò gba àlàyé púpọ̀. Òótọ́ ni pé "sir" ni wọ́n ń pe wàràkàsì lédè wọn, ibẹ̀ lẹ ti rí i. Àmọ́ kò sí wàràkàsì kankan nínú sirnica! Fúláwà, ẹyin, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, èèpo ọsàn àti ti lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n rin sí i, wọ́n á jẹ́ kó wú fún wákàtí púpọ̀, tó bá kù díẹ̀ kó wọ ààrò wọ́n á fi àlùmọ́gàjí ré orí ẹ̀ sí mẹ́ta kó lè là bí òdòdó. Ní apá Istria lọ́hùn-ún pinca ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ẹ kọ búrẹ́dì Àjíǹde, tàbí kẹ́ ẹ fi sirnica sílẹ̀ bó ṣe wà, ó tán.

Ọ̀rọ̀ ẹyin gan-an ló gbé mi dìde. Kíkùn kẹ̀? Kéèyàn tó lè ní òun kun nǹkan, ọ̀dà á wà ńlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á wà ńlẹ̀. Ohun tí mo rí ní kíṣìnnì ìyá onílé mi lọ́jọ́ Sátidé Mímọ́, kò sí búrọ́ọ̀ṣì ńbẹ̀ rárá. Màmá yìí ti ń tọ́jú èèpo àlùbọ́sà láti ìgbà Lẹ́ńtì, ọ̀rá kan kún fún un lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n já ewé kéékèèké, pásílì àti koríko kan tí ewé ẹ̀ máa ń pé mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n fi omi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹyin kó lẹ̀, wọ́n wá gé sítókìn àtijọ́ kan tó ti ya, sítókìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn obìnrin máa ń wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n fi wé ẹyin náà kó mú ewé pinpin, wọ́n fi òwú dì í gboingboin nídìí. Ó wọ inú ìkòkò èèpo àlùbọ́sà, wọ́n ta fínígà díẹ̀ sí i, ó hó, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi ẹyin sílẹ̀ sínú omi yẹn títí omi fi tutù. Ìgbà tí wọ́n tú òwú, tí wọ́n bọ́ sítókìn, tí wọ́n ṣí ewé kúrò, ara ẹyin ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ojú ibi tí ewé wà mọ́ funfun, kódà gbogbo iṣan ara ewé ló hàn kedere. Wọ́n wá fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á kó máa dán.

Wọ́n dì í, wọ́n rẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti Òṣogbo tó wà láàárín wa, kí lorúkọ ohun téèyàn dì kó tó rẹ ẹ́ sínú aró?

Mo mọ̀ pé ọ̀gá wa kan máa fárígá, torí wọ́n ti sọ ọ́ nígbà tí mo dárúkọ ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́: pé àdìrẹ, aṣọ ni, elú ni, nǹkan àwa ni, kí ló gbé e dé ara ẹyin òyìnbó. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. "Dì" wà níbẹ̀, "rẹ" wà níbẹ̀, aṣọ ò sí níbẹ̀, elú ò sí níbẹ̀. Àwa fúnra wa náà sì ti na ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe bí i lọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ta ló ń dì í? Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ pákí, wọ́n á fi ya ọnà sójú aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀, kò sẹ́ni tó so okùn kankan mọ́ ọn, síbẹ̀ àdìrẹ là ń pè é, kò sẹ́ni tó bínú. (Ìyẹ́ adìẹ lọ́dọ̀ tiwa, ẹyin adìẹ lọ́dọ̀ tiwọn, adìẹ yìí ti ṣiṣẹ́ o.)

Ìyẹn gan-an ló tún bá mi yanjú irú ẹyin kejì. Lápá Slavonia, ìda ni wọ́n máa ń yọ́, wọ́n á fi ya ọnà sára ẹyin, wọ́n á wá rì í sínú àwọ̀, tí wọ́n bá yọ ìda yẹn kúrò, ọnà á jáde. Àwọn aláṣọ wa ti ní orúkọ irú iṣẹ́ yẹn tipẹ́, àdìrẹ alábẹ́là ni. Torí náà ẹyin àdìrẹ ni ti sítókìn, ẹyin àdìrẹ alábẹ́là ni ti onída, a ò ní láti wá ọ̀rọ̀ tuntun lọ síbì kankan.

Ẹni tó ní ká tẹ̀lé gbòǹgbò pisanica, "pisati" ni gbòǹgbò ẹ̀, ìyẹn kéèyàn kọ nǹkan sílẹ̀. Ó dáa, ẹyin àkọsílẹ̀ nìyẹn. Ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí létí. Ẹni tó sì ní táwọn èèyàn bá tẹ "eyin adire" lórí fóònù láìsí àmì, wọ́n á kà á sí ẹyin adìẹ, ẹyin adìẹ náà ṣáà ni! Ẹ fàmì sórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin ará, ìdí tá a fi wà níbí nìyẹn.

Ẹyin kíkùn ò ṣòfò ṣá o. Ní Zagreb, olú-ìlú wọn, ẹ máa rí ẹyin ràgàjì ràgàjì tó ga ju èèyàn lọ tí wọ́n máa ń gbé síta lásìkò ọdún, àwọn ayàwòrán apá Podravina ló ń ya ilé, adìẹ, yìnyín àti àwọn àgbẹ̀ sí i lára, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyẹn ẹyin kíkùn, mo gbà.

Ó ku orúkọ ọdún fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ Ísítà káàkiri, mo mọ̀ pé bá a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn, èmi náà kọ ọ́ sórí lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n Uskrs tí wọ́n ń sọ níbí, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn jí dìde ló ti wá, ó bá Àjíǹde wa mu wẹ́kú, kí la tún ń gba ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá fún. Àwọn àgbàlagbà etíkun àtàwọn erékùṣù tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn, Vazam, àlàyé tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀ ni pé látinú kéèyàn "mú" nǹkan ló ti wá, pé lẹ́yìn ààwẹ̀ wọ́n tún lè mú ẹran jẹ. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, ọ̀rọ̀ tí ebi dá sílẹ̀! Àmọ́ fún fọ́tò, Àjíǹde ni kẹ́ ẹ kọ, pàápàá fọ́tò kátídírà Sveti Duje (Duje Mímọ́) yẹn. Ibojì ni wọ́n kọ́ ilé yẹn fún, ibojì Diocletian, olú-ọba Róòmù tó bẹ̀rẹ̀ inúnibíni ńlá sáwọn Kristẹni lọ́dún 303, ọdún 304 ni wọ́n pa Duje fúnra ẹ̀ ní Salona nítòsí ibẹ̀. Lónìí inú ibojì ọba yẹn ni wọ́n ti ń ṣe àìsùn Àjíǹde, orúkọ ẹni tí wọ́n pa ló wà lára ilé. Ísítà ò lè gbé ìyẹn.

Cvjetnica: "cvijet" ni òdòdó. Ọjọ́ Ìsinmi Òdòdó ni wọ́n ń pè é, ẹ̀ka ólífì ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò, àwọn díẹ̀ ló mú imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n hun dání. Tẹ́ ẹ bá kọ imọ̀ ọ̀pẹ, ẹni tó ń wo fọ́tò á máa wá ọ̀pẹ kiri. Veliki petak náà, Fúráìdé Ńlá ni, kì í ṣe Rere.

Ní ti ìwọ́de, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Láyé ìsinyìí tẹ́ ẹ bá sọ ìwọ́de fún ọmọ Èkó, pátákó àti tíágáàsì ló máa wá sí i lọ́kàn. Fọ́tò alẹ́ yẹn, ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé erékùṣù Hvar ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀ láti Split, orúkọ tí wọ́n fún un sì ni Za križen, ìyẹn títẹ̀lé àgbélébùú. Abúlé mẹ́fà ló ń ṣe é, láti alẹ́ Tọ́sìdé Mímọ́ wọ Fúráìdé, wọ́n á rìn yípo fún nǹkan bíi wákàtí 8, ó lé ní kìlómítà 20, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àṣà, ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn láti 2009. Ìtẹ̀lé Àgbélébùú, ṣebí ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Orúkọ tá a máa pe ẹni tó ń gbé e ló le díẹ̀. Ẹsẹ̀ òfìfo tàbí ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló fi ń rìn, kì í dúró sinmi, àgbélébùú yẹn sì wúwo. Àbúrò kan dá "agbágbèlébùú" lábàá, ahọ́n mi lọ́ pọ̀ níbẹ̀. Èmi wo Arugbá Ọ̀ṣun, ẹni tó ru igbá tí gbogbo ìlú ń gbàdúrà kó má fẹsẹ̀ kọ, mo sọ pé kí ló dé tí kò lè jẹ́ aru-àgbélébùú? Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì lè má fẹ́ ẹ torí ibi tí mo ti mú un wá, mo mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò yẹ ká fi ọ̀rọ̀ aláró àti ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun sọ ọ́, ẹ rọra. Inú ìlú Split yìí kan náà ni wọ́n ti ṣèpàdé ìjọ lọ́dún 925, tí wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ bóyá èdè Látìn nìkan ló yẹ kí àlùfáà fi máa ṣe ìsìn tàbí èdè àwọn èèyàn ibẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Grgur ti ìlú Nin ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó gbèjà èdè ìlú. Ó pẹ́ kí Róòmù tó gbà, ọdún 1248 ni Póòpù Innocent Kẹrin yọ̀ǹda fún bíṣọ́ọ̀bù ìlú Senj pé kó máa lo èdè àti álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ère Grgur tí Ivan Meštrović ṣe ní 1929 ṣì wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ààfin Diocletian níbí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dán bíi góòlù torí gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń fọwọ́ pa á. Èmi náà ti pa á.

Bakalar kò nílò ọ̀rọ̀ rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹ pa "ẹja gbígbẹ ilẹ̀ Yúróòpù" yẹn rẹ́. Òkúpọrọ́kọ́ ni! Ọ̀kan náà tó ń ti Norway wá sọ́jà wa ló ń wá sí tiwọn, wọ́n á fi òòlù lù ú, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á wá sè é pẹ̀lú ọ̀dùnkún òyìnbó, áyù àti òróró ólífì fún Fúráìdé Ńlá, ọjọ́ táwọn Àgùdà Èkó ń jẹ fréjọ̀n tiwọn.

Ọ̀kan ló ku tí mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, nídìí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé, ọmọdé àtàgbà á mú ẹyin dání, wọ́n á fi ṣóńṣó tìẹ kàn án mọ́ ṣóńṣó tèmi, èyí tó bá fọ́ ti pàdánù, ẹni tí tiẹ̀ kò fọ́ á gba ti ẹnì kejì. Tucanje ni wọ́n ń pe eré yẹn. Èmi ní lọ́kàn pé ká pè é ní àkànfọ́, bí àgbò ṣe ń kàn. Ìyàwó mi ní ó dà bí orúkọ àìsàn. Kí lẹ̀yin rò?