Abíyá dúdú, ó ń yún, ó ń ta: kí ni ká fi sí i lásìkò ìtànṣán?

Ọmọ Olóbì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò màmá mi ń gba ìtànṣán (radiotherapy, ìtọ́jú tí ẹ̀rọ fi ń pa jẹjẹrẹ) fún jẹjẹrẹ ọmú òsì l'Ékòó. Ìgbà 15 ni wọ́n kọ fún wọn, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, wọ́n sì ti gba 9. Abíyá àti abẹ́ ọmú ti dúdú bí èédú, ó ń yún, ó ń ta wọ́n. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n máa fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, kí wọ́n fi òrí oní-káfúrà pa á. Òmíràn ní kí wọ́n dáwọ́ dúró títí awọ yóò fi jiná. Ó sì ń rẹ̀ wọ́n gan-an. Ṣé wọ́n ṣì lè gbé ọmọ-ọmọ wọn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró fúnra wọn. Ìgbà 15 sábà máa ń jẹ́ 40 Gy (gray, òṣùwọ̀n ìtànṣán) lápapọ̀, ìpín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì tóbi, nítorí náà ọjọ́ kan tí wọ́n fò kì í ṣe kékeré. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹ béèrè bí wọn yóò ṣe san ọjọ́ náà padà.

Awọ dúdú kì í sábà pọ́n kí ó hàn, ṣe ló ń dúdú sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ń dúró kí awọ pọ́n kó tó gbà pé awọ ń jó, ó ti pẹ́. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ó ń gbóná, ó ń yún. Abíyá àti abẹ́ ọmú ló máa ń ṣáájú, torí awọ ń ha awọ, òógùn ò sì ráyè gbẹ.

Wíwẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò lóòórùn, àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Kànìnkàn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Eérú inú ọṣẹ dúdú le jù fún awọ yìí, káfúrà àti Robb sì ń ta á. Kí wọ́n fi tówẹ̀lì rírọ̀ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má nù ún, kí wọ́n má sì fọ àmì tí wọ́n fi tọ́ka ẹ̀rọ. Kírímù tí kò lóòórùn, fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tó. Kí wọ́n má kùn ún nípọn kí wọ́n tó wọlé sábẹ́ ẹ̀rọ. Fún yíyún, ẹ bi dókítà nípa mometasone, kírímù sítẹ́rọ́ìdì kan. (Kì í ṣe túùbù kírímù ìbóra tí wọ́n ń tà lọ́jà o!)

Bí awọ bá bó tó ń ṣomi, ẹ dá kírímù dúró, ẹ padà sílé ìwòsàn fún báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò. Òórùn, ọyún tàbí ibà tó dé 38°C, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Ìyá Àgbà Ìbàdàn: Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀ nìyí: ọ̀sẹ̀ kan sí méjì *lẹ́yìn* tí wọ́n bá parí ló sábà máa ń le jù. Ẹ má rò pé nǹkan bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jiná, àmọ́ dúdú náà lè pẹ́ oṣù púpọ̀.

Kọ́mú oníwáyà, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́tìn ló dára. Fún àárẹ̀, rírìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju ìdùbúlẹ̀ lọ. Bó bá pọ̀jù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí wọ́n máa fi ìka gun ògiri sókè láràárọ̀, kí èjìká má le, torí ọwọ́ ní láti wà lókè orí lábẹ́ ẹ̀rọ.

Ìtànṣán láti ẹ̀rọ ìta kì í dúró sára. Kí wọ́n dì mọ́ ọmọ-ọmọ wọn. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ abíyá, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìwúwo tí ọwọ́ yẹn lè gbé.

Ikọ́ gbígbẹ tàbí èémí tó kúrú láàárín oṣù 1 sí 6 lẹ́yìn ìparí: kí ẹ sọ fún dókítà tó bá rí wọn pé wọ́n gba ìtànṣán sí àyà, kó má kàn rò ó sí ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan.

Ọmọ Olóbì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Deodorant ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bí awọ kò bá tíì bó, wọ́n lè lò ó bí kò bá ta wọ́n. Ní ti àgbo àti fítámìn tó lágbára púpọ̀, kí dókítà ìtànṣán kọ́kọ́ rí i.