Imú ọmọ mi dí, oògùn wo ni kí n rà?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni tèmi, imú rẹ̀ ti dí láti ìjẹta. Bó bá fa ọmú lẹ́ẹ̀mejì, yóò já a, yóò bú sẹ́kún. Ara rẹ̀ ò gbóná. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa fún mi ní èyí tí àgbà ń kán símú, ó ní ẹ̀kán kan péré ni kí n kán fún un. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ̀ ń lò?

Màmá Ìbejì: Òrí ni o jàre. Yọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, fi pa á nímú. Ikun tó bá ki, ẹnu lèmi fi ń fà á. Ta ló ń kórìíra ikun ọmọ ẹ̀?

Apòògùn Òkè-Àdó: Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun tẹ́ ò kán an. Xylometazoline àti oxymetazoline ló sábà máa ń wà nínú oògùn yẹn. Ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú sún kì. Lára ọmọ ọwọ́, ó lè wọ ẹ̀jẹ̀, kí ọmọ máa tòògbé, kí ọkàn àti èémí rẹ̀ falẹ̀. Àgbà pàápàá, bó bá kán an fún ọjọ́ púpọ̀, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Omi iyọ̀ 0.9% tí wọ́n ṣe fún imú ọmọdé ni kẹ́ ẹ béèrè. "Saline" ni wọ́n ń pè é. Ẹ tẹ́ ọmọ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan kó tó mu ọmú, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà ìfakun fà á. Ìta ni kẹ́ ẹ ti fún rọ́bà náà o! Ẹni tó bá fún un nínú imú, ńṣe ló ń fẹ́ ikun padà.

Màmá Ìbejì, ẹ má bínú, kòkòrò ẹnu àgbà ò dáa fọ́mọ. Òrí ò burú lára awọ, ìwádìí kan tilẹ̀ jáde ní 1979 pé ó ń la imú. Ṣùgbọ́n kó má wọ ihò imú ọmọ ọwọ́. Ọ̀rá tó bá gbabẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà ni.

Bàbá Tọ́mi, Leeds: Kẹ́míìsì tó wà níbí ní ìlú Òyìnbó ò ta oògùn tí wọ́n ń kán símú yẹn fún mi, ọmọ mi sì ti pé ọdún mẹ́ta! Wọ́n ní láti 2009 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 6. Mo fìbínú jáde. Rọ́ọ̀bù wá ńkọ́?

Apòògùn Òkè-Àdó: Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, rárá. Káńfọ̀ wà nínú rẹ̀, bó bá sì wọ ẹnu ọmọ, ó lè fa gìrì. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, bó bá ti sùn, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá tó 50, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí, ilé ìwòsàn lóru yìí.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: 38, 40. Ọkọ mi ti rí saline rà. Ikun tó jáde gùn bí okùn ilá! Ó ti mu ọmú ọ̀tún tán, ó ti ń wá tòsì.